Kúlà Àjẹsára Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dáná sun abẹ́rẹ́ àjẹsára Dókítà tó kù, ìdí nìyẹn tí mo fi la ẹnu.

Awakọ̀ ni mí ní Dubai. Dókítà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, obìnrin ni, oníṣègùn ẹran. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ nígbà tí físà mi fẹ́ parí. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe àjẹsára fún àrùn kan tó ń pa ewúrẹ́. Èmi ni mo ń fi kúlà oníyìnyín gbé e lọ sí oko ẹran ní Sharjah. Ó kìlọ̀ fún mi pé ooru máa ń bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí mo ń gbé e lọ, mo yà sí ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà, torí ọjọ́ Ẹtì la máa ń ṣe ìsìn níbí, mo sì fi kúlà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí físà bá fi lè jáde, màá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Mo rò pé mi ò ní pẹ́. Mo jẹ́rìí, wọ́n kọrin, mo jó. Mò ń dúpẹ́ nítorí iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń jinná lọ nínú ọkọ̀.

Nígbà tí mo padà, yìnyín ti di omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo da omi náà nù, mo ra yìnyín mìíràn, mo gbé àjẹsára náà lọ. Wọ́n fún àwọn ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ èyí tó ń ṣàìsàn, láti dán an wò. Gbogbo wọn ló kú. Mo bá wọn gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin wọ́n sí. Mi ò sunkún.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Dókítà bi mí. "Àbúrò mi, àbí cooler yẹn dúró níbì kankan?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Direct ni mo gbé e lọ."

"Khalas, ó ti parí. Vaccine mi ni ò dáa nìyẹn."

Ó gbà mí gbọ́ ju iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ó fi iṣẹ́ àjẹsára sílẹ̀, oúnjẹ ológbò ló ń tà báyìí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dubai Marina. Ó ṣì máa ń pè mí láti béèrè ìyàwó mi. Ojú ń tì mí.

Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè tún àjẹsára tó kù dán wò. Wọ́n sì lè lé mi padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, mo lọ́mọ.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n gbé àjẹsára náà lọ síbi tí wọ́n ti máa sun ún. Dókítà ní òun máa wá dágbére fún un. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí?