Ìjọba Kúrò, Èmi Náà Ò Wọlé

Kí Aunty Bọ́lá yéé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Sunday tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú níbi tá a páàkì sí. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè finú hàn. Ìwọ mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. O ò dà bíi Tósìn." Mo ní, "Ẹ ṣé, Aunty." Mo wọ mọ́tò mi, mo lu steering títí ọwọ́ fi ń dùn mí.

Mi ò lè gbé e mọ́. Primary, ìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, tún ti dé, gbogbo ojú ọ̀nà Gwinnett tá à ń gbé ti kún fún páálí àwọn tó ń du ipò, àwọn èèyàn sì ń béèrè pé kí ló dé tí page mi dákẹ́. Page yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Èmi ò lọ college. Warehouse ni mo ń ṣe ní Suwanee, earphone ló sì kọ́ mi ní òṣèlú. Mo ń di ẹrù, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lórí podcast ń wí sí mi létí: ìjọba ti tóbi jù, tax ti pọ̀ jù, kí ìjọba sún sẹ́yìn, kí ẹbí àti ṣọ́ọ̀ṣì máa tọ́jú èèyàn wọn. Ó wọ̀ mí lára. Ṣé ìjọba ló tọ́jú bàbá àgbà mi nílé ni? Àwa la tọ́jú wọn. Mo bá ṣí page sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá, kò sí orúkọ, kò sí ojú. Mo tún fi app yí ohùn mi padà.

Aunty Bọ́lá, àbúrò màmá mi ni wọ́n. Ilé wọn ní Grayson ni mo kọ́kọ́ dé sí nígbà tí mo wá sí Amẹ́ríkà. Uncle, ọkọ wọn, ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Èmi àti Uncle la jọ máa ń wo debate. Uncle á máa pariwo mọ́ TV: "Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre! Ta ló pè yín?" Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Ẹnu wọn gan-an ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìjọba kékeré ló dáa.

Stroke wá mú Uncle. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu wọn. Nọ́ọ̀sì ni Aunty, wọn ò lè fi shift sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní prayer line. Láàárọ̀ kùtù, kálukú á pe nọ́ńbà kan náà, nínú ilé ẹ̀ tàbí nínú mọ́tò, a á jọ gbàdúrà lórí fóònù. Ohun tẹ́nikẹ́ni bá sọ níbẹ̀, kì í jáde. Àárọ̀ ọjọ́ kan, a ò pọ̀ rárá, Aunty jẹ́rìí. Wọ́n ní ìjọba ti gbà láti máa sanwó fún obìnrin kan táá máa wá jókòó ti Uncle, táá máa wẹ̀ fún wọn, táá máa fún wọn lóúnjẹ títí Aunty á fi dé. Wọ́n ń sunkún. Gbogbo wa ń pariwo "Praise the Lord". Èmi náà pariwo.

Ọ̀sẹ̀ primary ìjọ́sí nìyẹn. Ẹnì kan wá bú mi lórí page, ó ní irọ́ ni mò ń pa pé àwọn èèyàn wa náà ń gbowó ìjọba, pé àwa Nàìjíríà kì í gba ìrànwọ́ ìjọba. Inú bí mi. Tínú bá ti bí mi, orí mi kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Mo wọ mọ́tò ní àsìkò break, mo tẹ record. Mo ní, "Ẹ lọ bi aunty kan ní Grayson! Ilé ńlá, mọ́tò ńlá, ìjọba ló ń sanwó ẹni tó ń wẹ ọkọ wọn!" Mo tún rẹ́rìn-ín sí i.

Mi ò dárúkọ. Mo rò pé tí mi ò bá ti dárúkọ, kò sí wàhálà.

Ta ni ò mọ̀ wọ́n? Kó tó di Sunday, gbogbo group orí fóònù ti gbé e kiri. Ìyá kan kí Aunty lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ kú ìgbádùn ìjọba o, ìyàwó olówó!" Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Aunty náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò jókòó parí service.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó sọ ọ́. Tósìn, ọ̀rẹ́ mi, ló ń ṣe camera àti ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà sì wà lórí prayer line lọ́jọ́ náà. Ẹ̀sùn náà bọ́ sí i lórí. Ó búra. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Guy, bá mi sọ̀rọ̀ now. Ìwọ mọ̀ mí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣáà bẹ Aunty."

Tósìn fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti kó lọ sí West End, tó jìnnà sí wa. Kì í gbé fóònù mi.

Uncle ló sọ pé ìtìjú yẹn ti pọ̀ jù, kí obìnrin tí ìjọba ń sanwó fún má wá mọ́. Ẹnu wíwúwo yẹn náà ni wọ́n fi sọ ọ́, Aunty sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Mo ń sọ fún ara mi pé Uncle ló fúnra wọn yàn án, ohun tá a jọ gbà gbọ́ ṣáà ni. Aunty pè mí, wọ́n ní kí n máa wá jókòó ti Uncle lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́. Mo ní, "Mò ń bọ̀, Aunty." Mi ò lọ. Overtime ni mo ṣe, mo tún ń ṣe video. Ṣọ́ọ̀ṣì gbé ìrẹsì wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ.

Mo ní kí ìjọba kúrò kí ẹbí wọlé. Ìjọba kúrò. Èmi tí mo jẹ́ ẹbí, mi ò wọlé.

Uncle dá dìde pé àwọn fẹ́ lọ sí toilet, wọ́n ṣubú. Aunty wà níbi iṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú ọkọ ẹlòmíì. Ìgbà tí wọ́n máa fi délé, Uncle ṣì wà nílẹ̀, TV ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lórí wọn. Wọ́n gbé Uncle lọ sí hospital, Uncle ò padà wálé mọ́. Níbi ìsìnkú, èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Mo sọ ọ́. Gbogbo èèyàn sunkún.

Mi ò sọ pé mo ti yí èrò mi padà o. Mo ṣì gbà pé ìjọba ti tóbi jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kó lọ jókòó ti Uncle ẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Èmi, ẹnu ni mo fi ṣe é.

Mo ti yọ video yẹn kúrò, ó ṣì wà lórí fóònù àwọn èèyàn. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún Aunty, wọ́n ti pàdánù ọkọ, ṣé kí wọ́n tún pàdánù ọmọ ni? BP wọn ò dáa. Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, Tósìn lá máa ru ẹ̀gàn mi kiri títí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ má ṣe bíi pásítọ̀. Ká ní ẹ̀yin ni Aunty dì lọ́wọ́ mú níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, ṣé ẹ̀yin ò ní dákẹ́?