Ọjọ́ Tí Arẹwà Kọ Ọmọ Rẹ̀

Mo ní ewúrẹ́ kan rí ní Abúlé Òkúta, ní Bàrígà níbí, tó máa ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í fẹnu kan èèpo iṣu títí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fi máa lù. Tí ẹ bá gbé omi síwájú ẹ̀, á wo omi náà, á wo ojú yín, á wá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń sọ pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé a wà nínú ààwẹ̀ ni?" Alhaja tí a jọ ń gbé ilé kan náà tiẹ̀ ní ẹran yẹn gba ti Ràmàdáànì pẹ̀lú, pé òun gbọ́ ìró ẹ̀ nígbà tó jí sààrì. Mo ní, "Alhaja, ẹ má gba ọmọ ìjọ wa mọ́ wa lọ́wọ́."

Mo rí yín tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà, ẹni tó bá fẹ́ kó má gbà, ọpẹ́ ni mo bá wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú yín lónìí, tí kì í ṣe pé wọ́n gbé mi wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ wa tó gbé máíkì fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kó ṣe ṣókí." Pásítọ̀, mo ti gbọ́. Ó máa ṣe ṣókí tó bá yá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ ò mọ Bàrígà. Bàrígà tẹ́ ẹ mọ̀ yìí, ilé lórí ilé ni. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, kó dé láti Ìjẹ̀bú, koríko ni ẹ̀yìn ilé wa títí lọ dé ẹ̀bá ọ̀sà. Ìyá Ìbejì gba abo ewúrẹ́ kan lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó gbé e sí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé wa wá, ó ní ilé tí òun ò bá ti gbọ́ kí ẹran ké láàárọ̀, òun ò ní mọ̀ pé òun ti jí. Inú abo yẹn ni gbogbo ẹran tí a sìn ní Abúlé Òkúta ti jáde.

Iṣẹ́ àárọ̀ kùtù ni iṣẹ́ ẹran. Ìyá Ìbejì á ti gbá ilé ẹran kó tó gbá iwájú ilé tiwa. Á kó ìgbẹ́ wọn sídìí ata tó gbìn sínú táyà ọkọ̀. Èmi á lọ gba èèpo pákí lọ́wọ́ àwọn tó ń yan gàrí lọ́nà Pedro, màá sá a sórí páànù títí á fi gbẹ kaka, torí tútù ẹ̀ máa ń pa ẹran. Òun á wá fi èérí ògì pò ó fún wọn. Tí wọ́n bá jẹ tán, á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á jáde, kò sí ẹni tó ń dà wọ́n. Wọ́n á rìn dé Pedro, wọ́n á jẹ ewé ìyeyè ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n á sùn sábẹ́ ìbòòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tò wálé bí ọmọ iléèwé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n, torí Ìyá Ìbejì máa ń fi abẹ gé etí òsì wọn díẹ̀. Tí ọ̀kan bá yà sílé onílé, wọn ò ní lù ú. Wọ́n á kàn ránṣẹ́ pé, "Ẹ sọ fún Ìyá Ìbejì pé ẹran ẹ̀ wá kí wa o, ó sì ti bá wa jẹ ọbẹ̀." Ìyá Ìbejì á dá ìránṣẹ́ náà padà pé, "Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá ata ọbẹ̀ náà tó. Ẹran mi kì í jẹ ọbẹ̀ tí ò ta."

Ní báyìí ńkọ́? Koríko ti di ilé, iwájú ilé ti di ṣọ́ọ̀bù. Ẹran tó bá jáde lónìí, kẹ̀kẹ́ á gbá a, tàbí kó di àsun níbi tí olówó ẹ̀ ò mọ̀. Okùn ló kù tí a fi ń so wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì náà ti lọ sinmi, ẹ̀yin náà lẹ bá mi sin ín. Lásìkò òjò tó kọjá yìí ni àìsàn wọ inú ilé ẹran, wọ́n ń ṣu gbuuru, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku abo kan ṣoṣo, Arẹwà. Arẹwà ti dàgbà. Eyín ẹ̀ ti ń re, bíi tèmi. Ṣùgbọ́n oyún wà nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń pè mí lórí fóònù, "Bàbá, ẹ ta ewúrẹ́ yẹn kẹ́ ẹ lọ sinmi." Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn. Ohun tó wà níkùn Arẹwà ló máa sọ bóyá ìran ẹran tí ìyá wọn gbé sẹ́sẹ̀ wọ Èkó ṣì máa wà láyé, tàbí ọwọ́ èmi ló máa parí sí.

Ó bímọ ní àárọ̀ Sátidé kan. Ọ̀kan ṣoṣo, abo, ó dúdú minimini, funfun díẹ̀ wà níwájú orí ẹ̀. Ó dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó rí ọmú, ìyá ẹ̀ ń lá a lẹ́yìn. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Alhaja yọrí lójú wíńdò, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n òórùn ilé ẹran yín yìí ti wọ aṣọ Jímọ̀ mi o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi. Nígbà tí ilẹ̀ Sọ́ńdè mọ́, mo pinnu pé màá gbé ọmọ ẹran náà wá dúpẹ́ níbí, kò sì gbọdọ̀ rùn. Mo gbé e sínú ike, mo fi ọṣẹ ìwẹ̀ mi wẹ̀ ẹ́, mo ṣàn án, mo tún un wẹ̀. Mo fi òróró pa á lára. Mo wá fọ́n lọ́fínńdà sí i, èyí tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tí èmi alára kì í fọ́n àfi lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ẹ ṣáà rántí, ẹ̀yin náà wà níbí. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ ń gbé e fún ara yín láti orí ìjókòó kan dé èkejì. Àwọn màmá fi pọ́dà ọrùn wọn kùn ún lórí. Kúáyà gbé e. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e, ó ní, "Bàbá, ọmọ ẹran yìí ń ta sánsán ju àwọn díákónì mi lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A ò mọ ohun tí à ń ṣe.

Mo délé, mo gbé e síwájú Arẹwà. Arẹwà na imú sí i, ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó sì fi orí kàn án dànù. Ọmọ dìde, ó tún rìn lọ bá a, ó tún kàn án. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń na ọrùn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ọmọ ẹ̀. Ọmọ wà lábẹ́ imú ẹ̀, ó sì ń wá ọmọ.

Alhaja sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ní, "Kí lẹ fún un jẹ?"

Mo ní, "Mi ò fún un ní nǹkan kan. Mo kàn wẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ wẹ̀ ẹ́? Fún kí ni?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ń rùn."

"Bàbá Ìbejì, ilé ẹran ni mo ní ó ń rùn. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ lọ sọ ẹran di ìyàwó tuntun ni?"

A gbìyànjú. Alhaja di ìwo Arẹwà mú, èmi di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ mú kí ọmọ lè rí ọmú. Arẹwà ta mí nípàá ní orúnkún, ẹ sì rí bí mo ṣe tiro wọlé láàárọ̀ yìí. Mo po mílíìkì inú agolo sínú ìgò ọmọdé, ọmọ ẹran mu díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru. Nígbà tó di àárọ̀ Túsìdeè, kò lè dìde mọ́. Mo fọwọ́ kan etí ẹ̀, etí náà tutù. Alápatà kan tó ń kọjá yọjú, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín mú ìyá lọ. Ọmọ yẹn ti lọ ní tiẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sínú ilé ẹran, nínú ìgbẹ́, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Mo ní, "Olúwa, mi ò tọrọ ilé lọ́wọ́ rẹ, mi ò tọrọ mọ́tò. Ọmọ ẹran kan ni. Má jẹ́ kí n dé ọ̀run lọ sọ fún Ìyá Ìbejì pé ọṣẹ ni mo fi pa ìran ẹran ẹ̀ run."

Ẹ̀yin ará, bí mo ṣe la ojú, áńgẹ́lì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi ẹran. Ó ga. Aṣọ funfun gbòò ló wọ̀, ìyẹ́ ẹ̀ ń kan páànù òrùlé, páànù ń ró gbàn-ìn gbàn-ìn. Ó gbé abọ́ kan lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, iyọ̀." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti lọ.

Mo dìde. Mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ọmọ ẹran náà láìfi ọṣẹ sí i, títí lọ́fínńdà fi kúrò. Mo kó koríko tí Arẹwà ń sùn lé, mo fi ra á lára. Mo fún wàrà Arẹwà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi kùn ún lórí dé ìdí. Mo ní kí Alhaja bá mi mú iyọ̀ inú yàrá mi wá. Ó lọ, ó bọ̀, ó ní, "Iyọ̀ yín ti di òkúta. Ẹ gba tèmi." Mo wọ́n ọn sẹ́yìn ọmọ ẹran, mo gbé e síwájú ìyá ẹ̀, mo fọwọ́ gbé e nídìí kó má ṣubú.

Arẹwà gbóòórùn ẹ̀. Ó lá a lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Ó tún yí padà, ó lá a, lẹ́yìn ìyẹn kò dúró mọ́, ó lá ẹ̀yìn, ó lá ọrùn, ó lá a dé abẹ́ ìrù. Ó wá ń dún lọ́nà ọ̀fun, irú dídún jẹ́jẹ́ yẹn tí wọn kì í dún fún ẹlòmíràn àfi ọmọ wọn. Mo ti ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀, ó fẹnu wá a, ó rí ọmú. Nígbà tó yá, ìrù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Alhaja ní Alhamdulillah, èmi ní Halelúyà, a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì mọ èyí tó kọ́kọ́ dé òkè.

Lónìí yìí, ọmọ ẹran náà ti ń gun orí dúrọ́ọ̀mù omi Alhaja, Alhaja sì ń bú u ní àárọ̀ àti ní alẹ́ bí ẹni ń bú ọmọ ọmọ ẹ̀. Ẹran ń ké lẹ́yìn ilé mi láàárọ̀. Ẹ bá mi yọ̀. Ẹni tó bá lè jó, kó jó. Ẹni tí orúnkún ẹ̀ bá rí bíi tèmi, kó jókòó kó máa mi èjìká. Ògo ni fún Ẹni tó gbọ́ àdúrà tí mo gbà nínú ìgbẹ́ ẹran.

Pásítọ̀ ń wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Ó dáa. Èmi ni mo fi áńgẹ́lì yẹn sí i, pásítọ̀. Kò sí áńgẹ́lì kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo dijú gbàdúrà, Ìyá Ìbejì ni mo rí, bó ṣe rí nígbà tí àwọn ìbejì ṣì kéré. Àwọn ìbejì ti fi omi ọṣẹ wẹ ọmọ ẹran kan lọ́jọ́ náà, ìyá ẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́. Ìyá Ìbejì lọ́ ìró mọ́ àyà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ẹran, ó ń fi iyọ̀ pa ẹran náà lẹ́yìn, kò tiẹ̀ gbójú sókè nígbà tó ń bá mi wí pé, "Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí ẹran máa rùn bí ẹran." Mo ti gbàgbé ọjọ́ yẹn pátápátá, àfi ìgbà tí mo kúnlẹ̀ ló padà wá bá mi. Mo rò pé ẹ ò ní pàtẹ́wọ́ fún iyọ̀ àti ìyàwó ẹni, ni mo ṣe fi ìyẹ́ sí i lára.