Òfin Dá Mi Láre, Ẹní Màmá Hatakeyama Ṣófo

Má tún sọ fún mi pé òfin dá mi láre, Ting-kuo! Mo gbọ́. Gbogbo Tainan ló ti gbọ́ pé lọ́yà ni àbúrò mi. Gbé abọ́ ẹja yẹn sílẹ̀ ná, kí o wo ojú mi. Ṣé ojú ẹni tí wọ́n dá láre nìyí?

Ìwọ lo jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, tí o ní bàbá Màmá Hatakeyama, tó kọ ìwé àlọ́ ní Japan, ti kú láti ọdún 1969, pé nílẹ̀ tiwa ní Taiwan, bí oǹkọ̀wé bá ti kú fún àádọ́ta ọdún, ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Inú mi dùn! Mo kó gbogbo àlọ́ tí bàbá náà kọ sínú áàpù, ẹ̀rọ ń kà á fáwọn ọmọdé lórí fóònù. Lo bá fi ẹnu tó kún fún oúnjẹ sọ pé àádọ́rin ọdún ni ti Japan, kí n ti ilẹ̀kùn áàpù náà mọ́ àwọn tọ̀hún. Bí ẹni ń sọ pé kí n mú agboòrùn dání! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún èèyàn? O ò pariwo, o ò lu tábìlì!

Ó dáa, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n èdè Japan ni wọ́n fi kọ àlọ́ náà, ta ni yóò gbọ́ ọ ní Tainan? Mo ní n ó tì í lọ́la. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ní Japan ń pọ̀ sí i, mo ń wò wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń ka òròmọdìyẹ. Ọ̀la ò dé mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ kí Màmá ní Kanazawa, ní Japan lọ́hùn-ún. Màmá tó gbà mí sílé nígbà tí mo lọ kàwé, tí mi ò lè tọrọ omi lédè wọn! Yàrá iwájú ilé wọn ni wọ́n ti máa ń ka àlọ́ bàbá wọn fáwọn ọmọ àdúgbò ní gbogbo Sátidé. Èmi àgbàlagbà á jókòó sáàárín àwọn ọmọ lórí ẹní, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè. Sátidé náà ni mo dé. Màmá tẹ́ ẹní, wọ́n to tìmùtìmù, wọ́n fi awò sójú. Yéè! Ọmọ kan ò wá. Ọmọ kan ṣoṣo pàápàá ò wá!

Wọ́n ní, “Orí fóònù làwọn ọmọ ti ń gbọ́ ọ báyìí. Ohùn yẹn dára, Su-chin. Kì í húkọ́ bíi tèmi.” Wọ́n tẹrí ba, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Wọ́n ní mo mú ọ̀rọ̀ bàbá àwọn rìn jìnnà. Kí ló dé tí wọn ò bú mi? Òfin tiwọn wà lẹ́yìn wọn gbágbágbá, tíì ni wọ́n ń bù fún mi!

Mo ti tì í. Kí n tó kúrò ní pápákọ̀ òfurufú ni mo ti tì í. Mo pe Màmá lánàá, ẹní ṣì ṣófo. Àwọn ọmọ ti rí nǹkan mìíràn gbọ́.

Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? O ní kò sẹ́ni tó pè mí lẹ́jọ́? Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn! Wá lọ́yà kan ní Kanazawa tí yóò bá Màmá pè mí lẹ́jọ́. Kí adájọ́ pè mí lólè lójú gbogbo èèyàn. Bí o bá sì dìde láti gbèjà mi níbẹ̀, mo fi ìyá tó bí wa búra, n ó sọ fún adájọ́ pé mi ò mọ̀ ọ́ rí!