Ọ̀pá Gbàǹjo Àbúrò Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná, yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì yín kò ní sá lọ! Ẹ gbọ́ tèmi, àbí ẹ fẹ́ kí inú mi bẹ́? Àbúrò wa, àbúrò wa tó ń fi ọ̀dà kun ilé yìí, òun ló tún pa ẹja mẹ́ta láàárọ̀ yìí, ọ̀pá ìpẹja gbàǹjo ló sì fi pa wọ́n! Ọ̀pá tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ àgádágodo àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọlé lórí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù!

Kí lẹ wí? Pé irú ẹ̀ ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́? Ẹ̀yin náà! Èmi tí mo wo fídíò títí ojú fi ń ta mí, tí mo ra ọ̀pá tí wọ́n ń gbé sínú gíláàsì, tí mo ra ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, kí ni mo pa? Ewé! Ewé ni mo pa, ẹ̀gbọ́n mi, àti fìlà ara mi, torí ìwọ̀ há sí i lórí mi níbẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹja pípa ti bàbá wa kì í ṣe ti ekòló. Kòkòrò irọ́ ni, ìyẹ́ tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀, tí èèyàn á máa fi okùn jù síwájú, jù sẹ́yìn, títí á fi bà lé omi jẹ́jẹ́ bíi kòkòrò gidi. Abẹ́ igi tó ṣíji bo odò làwọn ẹja ń sá sí, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa ki irú ọ̀pá tèmi bọ abẹ́ ẹ̀ka? Kó há? Kó ṣẹ́? Àárín gbangba ni mo dúró sí, níbi tí kò sí igi, tí kò sì sí ẹja! Onígbàǹjo á kàn jù ú sáàárín ẹ̀ka ni tiẹ̀, bó há á fà á, bó já á so ó, á tún máa kọrin. Kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù?

Ìlara kọ́ o! Ọlọ́run ń gbọ́.

Ó dáa, ìlara ni. Ẹ ti gbọ́ ọ, ṣé inú yín dùn? Ṣùgbọ́n kì í ṣe tẹja, ẹja kó máa bá a lọ. Bàbá wa ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá wo ọ̀pá mi, wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀rọ tó ń ká okùn, wọ́n ní, “Háà, ìwọ ti di ọ̀gá, kí ni mo tún fẹ́ kọ́ ẹ?” Wọ́n bá kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ ń mì bí ìrù ajá. Wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní, “Dúró ná, jẹ́ kí okùn nà tán lẹ́yìn rẹ. Ó yá, jù ú.” Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Sátidé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí! Èmi ni mo sì kọ́kọ́ ní ká máa tẹ̀ lé bàbá lọ sódò o. Èmi! Gbogbo ọdún tí wọ́n fi wa ọkọ̀ àjò, ìgbà wo ni wọ́n gbélé tí wọ́n fi di èmi lọ́wọ́ mú? Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àbíkẹ́yìn ló jẹ ìyẹn. Ṣé ó tún fẹ́ gba odò mọ́ ọn ni?

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in. Kí n lọ bá wọn fúnra mi? Kí n ní kí ni? Èmi tí mo ti ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn létí odò bí wọ́n ṣe ń ju okùn! Ojú wo ni mo fẹ́ fi tọrọ ẹ̀kọ́ níwájú wọn?

Ẹ̀yin lẹ máa bá mi sọ ọ́. Ẹ pè wọ́n báyìí, fóònù yín nìyẹn. Ẹ má sọ pé mo bínú, ẹ má dárúkọ ìlara rárá. Ẹ sọ fún wọn pé àgbà ọmọkùnrin wọn kò mọ nǹkan kan. Kò tíì di ọ̀gá, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.