Máńgòrò Tí Wọ́n Gé ní Tudun Wada

Níbi tí a ti ń dúró de takisí ní Terminus, ní Jos, láàárọ̀ ọyẹ́ kan ní àwọn ọdún 1980, obìnrin ará Tudun Wada kan ń bá tísà àgbà kan sọ̀rọ̀.

"Bàbá, màámi ń padà sí Èkìtì lọ́la. Yàrá wọn ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Ní ìdájí, òtútù á máa mú wọn."

"Haba! Ṣé kò sí igi lágbàlá yín ni?"

"Máńgòrò wọn ni mo gé, tí mo da kọnkéré sílẹ̀, kí n lè kọ́ yàrá náà fún wọn."

"Ẹ sì fi páànù bò ó! Bó ṣe ń gba ooru kíákíá náà ló ń tú u dànù."

"Wọn ò bá mi wí, Bàbá. Àga wọn ni wọ́n ṣì máa ń gbé lọ síbi tí ibòòji máńgòrò wà tẹ́lẹ̀."

"Wọn ò bá mi wí": ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ kí takisí tó dé.