Ó Dijú Kí Ẹ̀jẹ̀ Tó Jáde

Mo jókòó sí Challenge lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ bí èèrà méjì ṣe ń jà nítorí obìnrin ní Baṣọ̀run. Ìjà tọkọtaya tí mo fẹ́ sọ yìí ò tiẹ̀ jìnnà tó yẹn, torí ẹ̀yìn takisí Mikira kan náà la jọ há sí láti Bódìjà.

Ọkọ ló bẹ̀rẹ̀. "O ti wo apá kàtúùnù tá a wò lánàá tẹ́lẹ̀."

"Nítorí kàtúùnù, Dádì?"

"Kàtúùnù àgbàlagbà ni, àwọn alágbára tó ń fò yẹn. A sì ti jọ ṣàdéhùn pé a ó máa jọ wò ó ni."

"Ta ló ní mo ti wò ó?"

"Ojú ẹ ni. Bàbá inú kàtúùnù yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè ni, kò tíì lu ẹnikẹ́ni, o ti dijú. O dijú kí ẹ̀jẹ̀ tó jáde! Ta lẹ jọ wò ó? Ṣé ọ̀gbẹ́ni ọ́fíìsì yín tó ń mú ẹ rẹ́rìn-ín lórí fóònù ni?"

Dírẹ́bà yí rédíò wálẹ̀.

Obìnrin náà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Èmi nìkan ni mo wò ó, níbi tí mo ti ń tẹ ẹ̀bà. Mi ò lè dúró dè yín ni. Ẹ má bínú."

Ẹ gbọ́, èsì yẹn, èmi ni mo fi sí i lẹ́nu, torí àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Obìnrin náà ò sọ nǹkan kan. Ojú fèrèsé ló ń wò títí a fi dé Challenge.