Ọ́síjìn Ìyá Àkànkẹ́ Tí Mo Fi Jó Irin

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Kambolé, kí Áfà tó ṣe fídáù ìyá bàbá mi, Ìyá Àkànkẹ́, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan jáde, torí ó ti fẹ́ pa mí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé bí èmi Fáwàsì bá rí alángbá, ọ̀nì ni màá pè é. Ti òní, mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ẹ̀dọ̀fóró ìyá ti bàjẹ́. Dókítà ní kí rọ́bà ọ́síjìn má kúrò nímú wọn tọ̀sán-tòru. Èmi ni mò ń fi zémì mi, ọ̀kadà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, gbé ìgò irin ọ́síjìn náà bọ̀ láti Sokodé. Ta ló tún lè gbé e? Mo máa ń sáré débi pé atẹ́gùn á bẹ̀ mí kí n rọra. Ìyá á ní, "Ọkọ mi ló ń gbé èémí mi bọ̀ yẹn."

Lọ́jọ́ kan, mo yà ní Tchamba lọ́dọ̀ Hàkímù, sùdọ́ọ̀ tó ń jó irin. Mo fẹ́ kó jó ìwo irin méjì mọ́ iwájú zémì mi, kí gbogbo Kambolé lè mọ̀ pé akọ màlúù ń bọ̀. Ó ní ọ́síjìn òun ti tán. Ló bá ń wo ẹ̀yìn zémì mi. "Èyí ńkọ́?"

"Ti ìyá mi àgbà ni."

"Ìyá kan ṣoṣo ló fẹ́ fa gbogbo ìyẹn símú? Díẹ̀ la máa bù."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ẹran, mo rẹ́rìn-ín. Iná ń bú, àwọn èèyàn ń wò mí, mi ò wo aago ara ìgò tó ń sọ iye ọ́síjìn tó kù títí ìwo fi dúró. Ó ti lọ sílẹ̀ kọjá ìdajì.

Mo gbé e délé. Rùkáyátù, ìyàwó àbúrò bàbá mi tó ń tọ́jú ìyá, wo aago náà. "Bàbá kékeré, ìgò yìí ò kún."

Mo ní, "Ìyàwó wa, ọ̀nà ló ba aago yẹn jẹ́. Ó kún dẹ́nu." Ó gbà mí gbọ́, kò ránṣẹ́ sí Sokodé fún òmíràn. Nígbà tí ìgò tán lójijì, kí n tó gbé òmíràn dé, wọ́n ti faṣọ bo ìyá lójú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyá ni pé, "Ẹ má bá ọmọ yẹn wí. Èmi ni mo fà á jù."

Èyí tó burú jù ló kù. Bàbá mi bèèrè ohun tó jẹ́ kí ìgò tètè tán. Èmi ni mo fọhùn: "Bóyá Ìyàwó ṣí ẹnu ìgò sílẹ̀, ó lọ kírun." Bóyá. Ìyẹn náà lẹ gbọ́ tẹ́ ẹ fi lé e padà sílé bàbá ẹ̀ ní Bago. Ó wò mí, ó gbé ẹrù ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń gun zémì, ohun tí wọ́n bá gbé lé yín lọ́wọ́ fún aláìsàn, ẹ má fi ṣe fààrí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Áfà dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ mú Rùkáyátù wá ná. Tó bá ti jókòó, màá tún gbogbo ẹ̀ sọ lójú ẹ̀.